Ilé tí a dà, ilé tí a rán: ìfiwéra àwọn iṣẹ́ ọnà tó ń mú àárò ìgbà èwe sọ ni

Lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ pinnu láti sọ kíláàsì kan di ibi ìrántí. Kíláàsì náà ṣì ní òrùlé, ògiri rẹ̀ ò tíì wó, ṣùgbọ́n ọmọ kankan ò jókòó níbẹ̀ mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, WhatsApp wa ti gbóná janjan. Ẹnì kan ní ká gbẹ́ ère ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ sí àárín yàrá. Òmíràn ní ká kó gbogbo àlòkù jọ: bẹ́ǹṣì, agogo, síléètì, títí kan pàṣán. Màmá kan tó jẹ́ àgbà gbogbo wa fèsì pé bí òun bá fojú kan pàṣán níbẹ̀, òun ò ní dá kọ́bọ̀. Torí pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà kì í tán lẹ́nu mi, èmi ni wọ́n rán pé kí n lọ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe, kí n wá sọ èyí tí a lè tẹ̀ lé.

Ohun tí mo mú bọ̀ rèé. Mi ò ka àwòrán ara ògiri mọ́ ọn. Iṣẹ́ ọnà tí wọ́n gbé kalẹ̀ kí èèyàn lè wọ inú rẹ̀, tàbí kó rìn yí i ká, ni mo wò. Mo tò wọ́n ní méjì-méjì, nítorí ìgbà tí mo fi èkínní sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì ni mo tó rí ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìbéèrè kan náà ni mo sì ń bi gbogbo wọn: ìrántí ta ni èyí? Ṣé ti ẹni tó ṣe é ni, àbí ti ẹni tó wá wò ó? Ẹ̀yin tí ẹ bá ní irú èrò yìí lọ́kàn, ìbáà ṣe fún ilé ẹbí tàbí fún ilé-ìwé, ẹ fi ìbéèrè náà sápò.

## Ilé: ẹnì kan dà á, ẹnì kan rán an

Rachel Whiteread, ọmọ London, ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ní 1990, ó wọ yàrá kan nínú ilé àtijọ́ kan ní Archway Road, ní àríwá London, ilé tó jọ irú èyí tí òun fúnra rẹ̀ gbé dàgbà. Ó fi pọ́ọ̀pù, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe síílìǹ ń pò, bo inú yàrá náà láti ògiri dé ojú fèrèsé dé ibi ìdáná. Nígbà tó tú u kúrò, tó sì tò ó pọ̀ padà, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló di òkúta. Ibi tó jinnú tẹ́lẹ̀ wá yọ síta, ibi tó yọ síta sì jinnú. Ó pe iṣẹ́ náà ní Ghost, ó sì wà ní National Gallery of Art ní Washington.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣe odindi ilé. Ilé kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nínú ọ̀wọ́ ilé tí wọ́n ti wó ní Grove Road, ní Bow, ìlà-oòrùn London. Wọ́n fín kọnkéré sí gbogbo inú rẹ̀, wọ́n jẹ́ kó gan, wọ́n wá ṣí ògiri bíríkì kúrò lára rẹ̀ bí ẹni bó ọsàn. Ohun tó kù lórí pápá ni inú ilé láìsí ilé. House ló pè é, ó sì parí ní October 1993. Àwọn kan ń sunkún níbẹ̀, àwọn kan ń bú u. Ẹnì kan kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí ni wọ́n fẹ́ fi èyí ṣe, ẹlòmíràn fèsì lára rẹ̀ náà pé kí ló dé tí wọn ò fi ní ṣe é. Ní November ọdún yẹn, Whiteread gba ẹ̀bùn Turner tí wọ́n ń fún oníṣẹ́ ọnà ní Britain, £20,000, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á. Àwọn ọkùnrin méjì kan tó ti kọrin rí wá fún un ní £40,000 pé òun ni oníṣẹ́ ọnà tó burú jù lọ́dún náà. Ẹ ò rí i pé owó èébú ju owó ìyìn lọ ní ìlọ́po méjì! Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ láti dá iṣẹ́ náà sí, wọ́n sì wó o ní January 1994. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá péré ló lò láyé.

Ẹ wá fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Do Ho Suh, tí wọ́n bí ní Seoul ní 1962. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ gbajúgbajà ayàwòrán ní Kòríà, kọ́ ilé ẹbí wọn bí ilé ayé àtijọ́, ó sì wo àwòṣe ilé kan nínú ààfin ọba tí wọ́n kọ́ ní 1828. Ọmọ náà dàgbà, ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó ń gbé New York níbi tí ariwo ò ti jẹ́ kó sùn. Yàrá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ ló ń wá sí i lọ́kàn. Ohun tó ṣe ni pé ó padà lọ wọn ilé bàbá rẹ̀, ìwọ̀n tòótọ́, igun dé igun, ó sì fi aṣọ sílíìkì aláwọ̀ ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rán an. Ọgbọ́n abẹ́rẹ́ àwọn tó ń rán aṣọ ìbílẹ̀ Kòríà ló fi rán an. Wọ́n fi ilé náà hàn ní Los Angeles ní 1999. Wọ́n so ó mọ́ òkè, èèyàn ń dúró nísàlẹ̀, ó ń gbójú wo ìlẹ̀kùn àti fèrèsé bí ẹni wo ìkùukùu. Bí àfihàn bá sì parí, yóò ká a, yóò dì í sínú àpótí ìrìn-àjò. Ìlú tí ilé náà bá dé ni wọ́n ń fi kún orúkọ rẹ̀: Seoul Home/L.A. Home/New York Home, orúkọ náà sì ń gùn sí i bí oríkì.

Èwo ló sàn? Ti Whiteread wúwo, kò ṣeé gbé, ohun tí wọ́n fi dá a ni wọ́n gbọ́dọ̀ pa. Ilé náà kì í ṣe ilé rẹ̀, kò sí àwòrán ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò sí àga, kò sí ìkòkò. Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá dé ibẹ̀ fi ń rí ilé tiẹ̀. Ti Suh fúyẹ́, ó ń rìn, ilé bàbá rẹ̀ gan-an ni, síbẹ̀ aṣọ náà hàn gaara débi pé ojú àlejò ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ bá ilé tirẹ̀. Ní tiwa, kíláàsì kan ṣoṣo la ní. Bí a bá da kọnkéré sí i, a ti pa á nìyẹn, owó sìmẹ́ǹtì nìkan yóò sì tú ẹgbẹ́ ká. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé wọ́n ti fẹ́ wó ilé kan lọ́nàkọnà, bí irú àwọn tí wọ́n ń sàmì sí lára fún ọ̀nà tuntun, mi ò mọ ohun tó lè wọni lára tó dída igun kan nínú rẹ̀ kí katakátá tó dé.

Suh tún ní ọgbọ́n kejì tó rọrùn ju rírán lọ, òun ló sì mú mi fò sókè. Ó fi bébà bo gbogbo ilé bàbá rẹ̀ náà lóde, ó sì fi lẹ́ẹ̀dì dúdú bíi ti pẹ́ńsù ha á títí gbogbo ojú igi, ojú bíríkì àti ojú ìlẹ̀kùn fi yọ sórí bébà. Rubbing/Loving ló pè é. Wọ́n to àwọn bébà náà pọ̀ bí ilé ní mùsíọ́mù Tate Modern ní London ní 2025. Ta ni nínú wa tí kò fi bébà lé kọ́bọ̀ rí, kó sì fi pẹ́ńsù ha á títí orí inú rẹ̀ fi yọ? A ti mọ iṣẹ́ náà láti kíláàsì kejì, orúkọ ni a ò mọ̀.

## Ẹrù: ilé ọmọláńgidi àti kọ́kọ́rọ́

Ìmọ̀ràn tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń mú wá ni pé ká kó ẹrù àtijọ́ jọ. Kò burú. Ohun tí ẹ máa kíyè sí ni bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń kó o.

Whiteread yìí kan náà fi nǹkan bí ogún ọdún ra ilé ọmọláńgidi, àlòkù tí ọmọ ẹlòmíràn ti fi ṣeré. Nǹkan bí 150 ló tò bí ìlú orí òkè nínú iṣẹ́ tó pè ní Place (Village). Kò sí ọmọláńgidi kankan nínú wọn, kò sí bẹ́ẹ̀dì, kò sí tábìlì, iná nìkan ló ń tàn lójú fèrèsé. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń ti oko bọ̀ lálẹ́ tó ń rí iná ìlú lókèèrè, tí kò sì tíì gbọ́ ohùn ẹnì kankan. Young V&A ní Bethnal Green, London, ni ó wà, mùsíọ́mù àwọn ọmọdé tí wọ́n tún ṣí ní 2023, wọn kì í sì í gba owó ìwọlé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, ẹ mú àwọn ọmọ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé wọn yóò pẹ́ níwájú rẹ̀. Àwọn òbí ló máa ń dúró pẹ́.

Chiharu Shiota, ọmọ Japan tó ń gbé Berlin, gba ọ̀nà mìíràn. Fún ilé tí orílẹ̀-èdè Japan ní níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà àgbáyé ní Venice, ní Italy, ní 2015, ó bẹ àwọn èèyàn káàkiri ayé pé kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ti lò rí ránṣẹ́. Èyí tó kó rọ̀ lé ní 50,000, ó fi òwú pupa so wọ́n rọ̀ láti òkè bí òjò, wọ́n sì ń rọ̀ sórí ọkọ̀ ojú omi onígi méjì tó ti gbó. Nísàlẹ̀ ilé náà, fídíò ń fi àwọn ọmọ kékeré hàn, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n rántí nípa ìgbà tí wọ́n bí wọn àti kí wọ́n tó bí wọn. The Key in the Hand lorúkọ rẹ̀. Shiota kan náà ló ṣe In Silence: dùùrù tó ti jóná, òwú dúdú sì ta yí i ká bí ilé alántakùn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ilé aládùúgbò wọn jóná, dùùrù tó ti jó ló sì rí níta ní ọjọ́ kejì. Kò dìgbà tí ẹ bá mọ ìtàn yẹn kí ẹ tó gbóòórùn iná níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló fi ogún ọdún ra àwọn ilé ọmọláńgidi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan pa wọ́n pọ̀, òun sì ni èmi fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi: irú ohun kan náà ni wọ́n kó jọ. Bí gbogbo èèyàn bá mú kọ́kọ́rọ́ wá, ojú á máa wá èyí tó jọ tiẹ̀. Bí ẹnì kan bá mú bàtà wá, tí èkejì mú rédíò, tí ẹ̀kẹta mú àwo tánganran ìyá rẹ̀, ìsọ̀ òkìrìkà lẹ ń tò yẹn, ẹni tó bá wọlé yóò fẹ́ bèèrè iye owó.

Mo bi àwọn èèyàn wa lórí WhatsApp pé kí ni wọ́n ṣì ní lọ́wọ́ láti ilé-ìwé náà. Èsì mẹ́rin ló wá. Ẹ̀gbọ́n kan ní Ìbàdàn ní síléètì tó ti sán. Ẹnì kan ní fọ́tò kan. Ẹnì kẹta ní ìwé ẹ̀rí mo-jáde, ó sì ní òun ò lè yọ̀ǹda rẹ̀ torí iṣẹ́ ìjọba. Èsì kẹrin jẹ mọ́ agogo, màá padà sórí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹrù kíkójọ ṣe kú lọ́dọ̀ wa nìyẹn.

## Ilé-ìwé méjì tó ti kásẹ̀ nílẹ̀

Ibí yìí ni mo ti pẹ́ jù, nítorí ọ̀ràn wọn ni ọ̀ràn wa. Agbègbè Echigo-Tsumari wà ní Niigata, ní Japan. Yìnyín tó ń já níbẹ̀ nígbà òtútù máa ń ga ju èèyàn lọ, àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sí ìlú ńlá, àwọn arúgbó ló kù nídìí oko ìrẹsì, ilé-ìwé sì ń tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta, tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ń lo oko, ilé òfìfo àti ilé-ìwé tó ti tì.

Méjì nínú àwọn ilé-ìwé yẹn ni mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti àkọ́kọ́, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Sanada, tì ní 2005. Ọmọ mẹ́ta péré ló kù nínú rẹ̀ nígbà náà. Seizo Tashima, tó ń yàwòrán sínú ìwé ọmọdé, gba ilé náà, ó sì sọ ọ́ di ìwé àwòrán tí èèyàn ń rìn wọ inú rẹ̀. Wọ́n ṣí i ní 2009. Igi tí omi gbé wá sí èbúté àti èso igi ló fi ṣe èèyàn, ó kun wọ́n ní pupa, búlúù àti yẹ́lò, wọ́n ń fò, wọ́n ń sáré, wọ́n ń rọ̀ láti àjà. Àwọn ọmọ mẹ́ta ìkẹyìn yẹn gan-an ló wà nídìí ìtàn náà. Wọ́n padà wá bá ilé-ìwé wọn, wọ́n sì bá iwin kan níbẹ̀ tí oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ ìrántí àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ohun tí Tashima ń sọ ni pé ilé-ìwé kì í ṣófo.

Ti èkejì wà ní Matsunoyama, nínú agbègbè kan náà. Christian Boltanski, ọmọ Faransé, àti Jean Kalman tó mọ iṣẹ́ iná lórí ìtàgé, ló ṣe é ní 2006. The Last Class ni wọ́n pè é. Ẹ ó wọ gbọ̀ngàn eré ìdárayá nínú òkùnkùn, koríko gbígbẹ wà nílẹ̀ tó ń rùn, gílóòbù tí kò mọ́lẹ̀ tó ń rọ̀ káàkiri, fáànù wà lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń yí díẹ̀díẹ̀. Nínú yàrá mìíràn, ìró ọkàn èèyàn ń lù kì-kì-kì, iná sì ń tàn, ó ń kú, bí ìró náà ṣe ń lọ. Kò sí àwòrán ọmọ kankan. Bàbá Boltanski, tó jẹ́ Júù, fara pa mọ́ sábẹ́ pákó ilẹ̀ nínú ilé wọn ní Paris nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, 1944 ni wọ́n sì bí ọmọ náà. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ló jẹ mọ́ ẹni tí kò sí mọ́, àti ohun tó kù sílẹ̀ lẹ́yìn ẹni náà.

Ìlú kan náà, ọ̀ràn kan náà. Lójú Tashima, àwọn ọmọ ṣì wà níbí. Lójú Boltanski, wọ́n ti lọ, ẹ sì gbọ́ ibi tí wọ́n ti lọ. Tashima dárúkọ ọmọ, Boltanski ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọmọdé lè lo odindi ọ̀sán nínú ti Tashima láìbẹ̀rù. Nínú ti Boltanski, ó ṣeé ṣe kí ọmọ ọdún márùn-ún di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

Lóòótọ́, Boltanski ni ọkàn mi kọ́kọ́ fà sí. Àgbàlagbà tó bá ti jìnnà sílé máa ń fẹ́ràn ìbànújẹ́ tó dùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò ó síwájú sẹ́yìn. Ilé-ìwé tiwa ò tíì tì, kíláàsì kan ṣoṣo ló ṣófo. Àwọn ọmọ ń bẹ ní yàrá kejì, wọ́n ń ka ìlọ́po méjì méjì lóhùn òkè. Kí la fẹ́ fi òkùnkùn ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn? Àti pé fáànù tó ń yí àti gílóòbù tó ń tàn kò ṣeé gbọ́kàn lé níbi tí iná ìjọba ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ ò ní ra jẹnẹrétọ̀ torí àárò. Ohun tí mo mú lọ́dọ̀ Boltanski ni ìró: ohùn kan ṣoṣo ṣe ju igba fọ́tò lọ.

## Ọmọ Yorùbá méjì

Yinka Ilori, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, London ni wọ́n bí i sí. Àga tí àwọn èèyàn kó dà nù ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ń kùn wọ́n ní àwọ̀ aṣọ òde, ó ń fi wọ́n pa òwe. Ní 2015 ó gbé àga márùn-ún kalẹ̀ lábẹ́ àkọlé If Chairs Could Talk, àga kọ̀ọ̀kan ń sọ nípa àwọn tó bá a dàgbà ládùúgbò. Ní 2021, òun àti ilé-iṣẹ́ Lego fi bíríkì ìṣeré tó lé ní 200,000 kọ́ ilé ìfọṣọ kan ní Bethnal Green Road, nítorí pé ilé ìfọṣọ àdúgbò wà lára ibi tó ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ìyá ń dúró de aṣọ, ọmọ ń wá ohun tí yóò fi ṣeré. Àwọn ọmọdé wọ ilé ìfọṣọ yìí, wọ́n fo súwẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n yọjú wo inú ẹ̀rọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó o kúrò.

Peju Alatise, tó ti Èkó wá, fi ìgbà èwe mìíràn hàn. Flying Girls, tó ṣe ní 2016, jẹ́ ọmọdébìnrin mẹ́jọ tó dúró ní àgbo, ìwọ̀n èèyàn tòótọ́, wọ́n dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, ìyẹ́ sì wà lẹ́yìn wọn. Ẹyẹ ń fò yí wọn ká, ohùn àwọn ọmọbìnrin sì ń dún níbẹ̀. Ìtàn ọmọ ọ̀dọ̀ kan ní Èkó ló fi ṣe é, ọmọ tó ń sin onílé lọ́sàn-án, tó sì ń fò lójú àlá lọ síbi tí ẹnì kan ò lè rán an níṣẹ́. Ní 2017, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ ní ilé tirẹ̀ ní àfihàn Venice, iṣẹ́ yìí wà lára mẹ́ta tí wọ́n gbé lọ.

Fífi wọ́n wé ara wọn ló tán ìjà pàṣán fún mi. Ilori ń bi yín pé kí ló dùn. Alatise ń bi yín pé ta ni kò dùn mọ́. Nínú kíláàsì wa, àwa tí wọ́n ń wẹ̀ fún lówùúrọ̀ jókòó pẹ̀lú ọmọ tó ti pọn omi ìrìn mẹ́fà kó tó dé, tí wọ́n sì nà án pé ó pẹ́. Ó ṣeé ṣe kí màmá wa yẹn wà lára wọn, mi ò bi í. Alatise ò gbé ẹkún tàbí àpá síbẹ̀, ìyẹ́ ló gbé síbẹ̀, ẹni tó mọ̀ á mọ̀. Bí ìtàn yín bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà yìí ni kí ẹ wò.

Méjì kù tí mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Maman tí Louise Bourgeois ṣe ní 1999, alántakùn onírin tó ga ju mítà mẹ́sàn-án lọ, tó gbé ẹyin mábù sínú, ìyá rẹ̀ tó ń tún aṣọ ògiri tó ya ṣe ló fi ń rántí. Ẹ̀dà rẹ̀ kan wà ní iwájú mùsíọ́mù Guggenheim ní Bilbao, ní Spain. Iṣẹ́ náà le, ṣùgbọ́n ẹ ò ní fi eré ṣe irú rẹ̀ láìní owó orílẹ̀-èdè. Labyrinth (My Mother's Album) tí Ilya Kabakov ṣe ní 1990 sì jẹ́ ọ̀nà ilé gígùn tó ṣókùnkùn, ìtàn ìgbésí ayé ìyá rẹ̀ ní ilẹ̀ Soviet wà lára ògiri, ẹ ó máa kà á lọ títí ẹ ó fi gbọ́ ohùn Kabakov fúnra rẹ̀ tó ń kọrin ní yàrá kékeré kan láàárín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè ẹni tó ní sùúrù láti ka ìwé lórí ìdúró, ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ wa kọ́ ni ìyẹn máa ṣẹlẹ̀.

## Èwo ni kí ẹ yàn

| Ohun tí ẹ ní | Ọgbọ́n ta ni kí ẹ lò | Ohun tó lè bà á jẹ́ |
|---|---|---|
| Ilé tí wọ́n máa wó láìpẹ́ | Whiteread: ẹ da igun kan | Owó sìmẹ́ǹtì, ibi tí ẹ máa gbé e sí |
| Ilé tó ṣì dúró, owó kékeré | Suh: bébà àti pẹ́ńsù | Òjò, ikán |
| Èèyàn púpọ̀ tó ní irú ohun kan náà | Shiota: ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sílẹ̀ | Bí ẹ bá gba ohun mìíràn mọ́ ọn |
| Ọmọdé tó máa wá ṣeré | Ilori, Tashima | Bí àgbà bá ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án |
| Ìtàn tó ń dunni | Alatise | Ọ̀rọ̀ àpọ̀jù lára ògiri |

Ẹ má yan méjì nínú ilà wọ̀nyí fún yàrá kan, àfi bí èkejì bá jẹ́ ìró. Ẹ sì tètè yanjú rẹ̀ bóyá ẹ fẹ́ kó pẹ́ láyé. House lo ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, a ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Pátákó ìrántí onímábù tó wà nínú ọgbà ilé-ìwé wa ti lé lógún ọdún, ewúrẹ́ nìkan ló ń dúró níwájú rẹ̀.

Ohun tí mo gbé fún ìgbìmọ̀ ni bébà. Ẹnikẹ́ni tó bá wá sí ìpàdé ọdún yóò gba bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan àti lẹ́ẹ̀dì kan, yóò lọ síbi tó máa ń jókòó, yóò sì ha ohun tó bá bá níbẹ̀: ojú fèrèsé, ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì, ibi tí a fi ọ̀bẹ gbẹ́ orúkọ wa sí lára ilẹ̀kùn. A ó fi òwú so bébà náà rọ̀ síbi tó ti ha á. Àwọn ọmọ yàrá kejì náà yóò wá ṣe tiwọn. Igun ẹ̀yìn tí wọ́n ti ń ní ká kúnlẹ̀ wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí a máa fipá mú lọ síbẹ̀, kò sí ẹni tí a máa dá dúró. Ìgbà tí mo ka ìyẹn sétí màmá wa lórí fóònù, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bèèrè bí bébà náà ṣe fẹ̀ tó.

Ó ku agogo. Ìríìmù ọkọ̀ akẹ́rù ni, tí wọ́n máa ń so mọ́ igi máńgòrò tí wọ́n sì ń fi irin lù. Ó wà nílé bàbá kan tó jẹ́ alágogo nígbà ayé wa, ó ti fi ń de ẹnu kànga. Bàbá ní òun ò lè fún wa, ṣùgbọ́n a lè wá yá a ní àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, bí òun bá lè tẹ̀ lé e wá, kó sì jẹ́ òun ni yóò lù ú. A ti gbà. Wọ́n ní kí n wá wá ọkọ̀ tí yóò gbé àwọn méjèèjì.